Ẹ Béèrè, A Fèsì: Ọmọ Tó Sanra, Ìtìjú Rẹ̀ àti Àwọn Ará Ilé Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ọmọ tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ òbí béèrè: èwo ni kí àwọn yọ, èwo ni kí àwọn fi sí i. A ó sọ díẹ̀ nípa oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ilé àti ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà ni èsì wa yóò dá lé jù, nítorí ibẹ̀ ni ètò oúnjẹ tó dára ti sábà máa ń túká. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí, a gbé e síwájú nítorí pé kò ṣeé fi dọ̀la.

"Ọmọbìnrin ọdún 15 ni mí. Ọ̀rọ̀bọ̀ ni gbogbo kíláàsì ń pè mí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ń pè mí bẹ́ẹ̀ nílé. Mo ń mu tíì tí wọ́n fi ń fa ikùn wọlé lálaalẹ́, mo sì ń lọ ilé ìgbẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ìwọ̀n mi á lọ sílẹ̀ díẹ̀, á tún padà. Nígbà míì ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n sùn kí n má jí mọ́." — Ìbàdàn

Àbúrò wa, o ṣeun tí o kọ ọ́ síta. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn lẹ́tà rẹ la ó kọ́kọ́ mú. Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, wá àgbàlagbà kan tí ọkàn rẹ balẹ̀ sí: màmá, àǹtí, tíṣà, nọ́ọ̀sì. Má fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Sọ ọ́ báyìí: "Ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n má jí mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mú mi lọ rí dókítà." Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ní kí o lọ gbàdúrà, lọ bá ẹlòmíràn, àdúrà kò dí ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Bí èrò yẹn bá lágbára lónìí, tàbí tí o ti ń ro ọ̀nà tí wàá gbà, má dá wà rárá. Kí ẹnì kan bá ọ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín.

Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ọmọ bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì pè é ní aláìmoore. Ẹ kó oògùn àti oògùn kòkòrò inú ilé sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti lè tó o, kí ẹnì kan sì máa sùn nítòsí rẹ̀ títí ẹ ó fi rí dókítà. Ní Ìbàdàn, UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọpọlọ àti ọkàn àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ní Èkó, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá ní ẹ̀ka ti àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Aró. Orúkọ Aró máa ń ba òbí lẹ́rù, bí ẹni pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ti ya wèrè nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ni dókítà máa ń bá sọ̀rọ̀ tán, tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà.

Ní ti tíì yẹn: ewé senna, tó ń mú ènìyàn ṣu, ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ìfun ńlá ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Kí oúnjẹ tó dé ìfun ńlá, ìfun kékeré ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ sára. Omi ló ń bá ìgbẹ́ lọ, kì í ṣe ọ̀rá, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n rẹ fi ń padà bí o bá ti mu omi. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé iyọ̀ ara kan tí wọ́n ń pè ní potassium ń bá omi náà lọ, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí ọkàn máa lù déédéé. Dá a dúró, kí o sì sọ fún dókítà pé o ti ń mu ún. Ó ṣeé ṣe kí ikùn rẹ wú, kí ara rẹ sì fa omi sínú fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí o bá dúró. Má jẹ́ kí ìyẹn dá ọ padà sídìí rẹ̀.

"Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, ń jí oúnjẹ jẹ lóru. Mo ń rí páálí bisikíìtì lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, agolo mílíìkì kì í lò ju ọjọ́ méjì lọ. Mo ti nà án, mo ti fi àgádágodo sí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Bàbá rẹ̀ ní òun kò lówó tí òun ó fi máa rán aṣọ fún erin. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì rí tín-ín-rín, ohun tó wù wọ́n ni wọ́n ń jẹ. Òun túbọ̀ ń sanra ni." — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Agége

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ohun tí ẹ ń pè ní olè jíjà yìí ní ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bu díẹ̀ fún níbi tí àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń jẹ tẹ́rùn, ebi àti ìbínú ló ń gbé lọ sórí ibùsùn. Lóru, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Á jẹ ẹ́ wàìwàì kí ẹnì kan tó jí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ń tó bí ogún ìṣẹ́jú kí ara tó mọ̀ pé òun ti yó. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, páálí ti tán. Ilẹ̀ mọ́, ẹ nà án, ojú tì í, ìtìjú yẹn náà ló sì tún ń fi oúnjẹ pa ní òru kejì. Àgádágodo yín wà lára ohun tó ń fà á.

Orúkọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò, kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ pe bàbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ọmọ kò sí nítòsí. Ẹ jẹ́ kó yé e pé láti òní lọ, kò sí "erin", kò sí "ọ̀rọ̀bọ̀", kò sí "ìyá alájẹ" nínú ilé yìí mọ́, ì báà ṣe eré, ì báà ṣe ìbínú. Àwọn olùwádìí ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, tí Dianne Neumark-Sztainer jẹ́ aṣáájú wọn, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ láti ìgbà èwe títí di àgbà. Wọ́n rí i pé àwọn tí ará ilé fi ìsanra wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ló túbọ̀ ń jẹ àjẹjù, tí wọ́n sì ń fi ebi pa ara wọn lọ́nà tó léwu. Yẹ̀yẹ́ kò mú ẹnikẹ́ni fọn.

Àlejò ńkọ́? Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń kí wa: "Háà, ọmọ yìí mà ti tóbi o, kí lẹ ń fún un jẹ?" Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ló sọ ọ́, ọkọ fúnra rẹ̀ ni kó dá a lóhùn, nítorí pé bí ìyàwó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni yóò dà. Gbólóhùn kan ti tó: "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti fòfin de ọ̀rọ̀ ara àwọn ọmọ nílé wa. Ẹ bi í léèrè ohun tó kọ́ níléèwé." Níwájú ọmọ ni kí ó ti sọ ọ́. Ó yẹ kí ó gbọ́ pé ẹnì kan gbèjà òun.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ni ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ yọ àgádágodo, ṣùgbọ́n ẹ má tún fi odidi páálí bisikíìtì síbẹ̀. Ohun tí ẹ kò fẹ́ kí ọmọ yìí máa jẹ lójoojúmọ́, kí ó má sí nílé fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni òbí kì í fẹ́ gbọ́, torí wọ́n rò pé àwọn ń jẹ àwọn tó tín-ín-rín níyà. Rárá. Ọmọ tó tín-ín-rín kò nílò páálí bisikíìtì ju ọmọ tó sanra lọ. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra èyí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ tán lọ́jọ́ náà, kí gbogbo wọn gba iye kan náà. Oúnjẹ kan náà ni kí gbogbo ilé máa jẹ. Ọmọ tí wọ́n se ẹ̀fọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ níbi tí àwọn yòókù ti ń jẹ dòdò mọ̀ pé ìjìyà ni ẹ̀fọ́.

Kí àsìkò oúnjẹ dúró sójú kan: kí ó tó lọ síléèwé, ọ̀sán níléèwé, bí ó bá ti dé ní bí agogo mẹ́rin, àti alẹ́ ní bí agogo méje. Kí àárín oúnjẹ méjì má ju wákàtí mẹ́rin lọ. Agogo mẹ́rin yẹn ni ẹ kò gbọdọ̀ fojú kéré, nítorí ọmọ tó bá fi ebi jókòó láti ìgbà náà di alẹ́ kò ní lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́. Ẹ fún un ní oúnjẹ gidi: mọ́ínmọ́ín kan, tàbí ẹyin sísè pẹ̀lú ọsàn, tàbí àgbàdo sísè. Kí wọ́n bu oúnjẹ látinú ìkòkò nínú kíṣìnnì, kí ìkòkò dúró síbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ bu sí i, kí ó ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, kí ó mu omi. Bí ó bá ṣì fẹ́, ẹ fún un. Ẹ̀yin lẹ ó pinnu ohun tí wọ́n ó jẹ àti ìgbà tí wọ́n ó jẹ ẹ́. Òun ni yóò sọ pé òun ti yó.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ó máa jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò gbà gbọ́ pé àgádágodo kò ní padà, ó ń dán yín wò ni. Òbí á bẹ̀rù, á tún ti kọ́bọ́ọ̀dù ní ọjọ́ karùn-ún, ìfọkàntán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù á sì kú. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko.

Bí ẹ bá tún rí páálí lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ jókòó tì í, kí ẹ rọ ohùn yín: "Mo rí èyí. Ṣé ebi ló pa ọ́ lóru, àbí nǹkan kan ló dùn ọ́ lọ́kàn?" Kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ má bá a dáhùn. Bí ó bá jẹ́ ebi, ẹ bu ife ẹ̀kọ mímu kan tí kò ní ṣúgà fún un kí ó tó sùn. Bí ó bá jẹ́ ohun tó dùn ún, ẹ ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń jẹ àjẹjù tí kò lè dá dúró, tí ojú sì ń tì í lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó ti di àìsàn tó ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ mú un lọ rí àwọn tó ń tọ́jú ọkàn ọmọdé.

"Ọmọkùnrin mi pé ọdún 11. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 52, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 142. Ìyá mi ní ara rẹ̀ ń dán ni, pé bàbá mi náà sanra báyìí ní kékeré. Ṣé ó pọ̀ lóòótọ́?" — Bàbá kan, Òṣogbo

Ó pọ̀ lóòótọ́. Ẹ sọ gíga di mítà, 1.42, ẹ fi 1.42 sọ 1.42 di púpọ̀, ó di 2.02, ẹ fi 2.02 pín 52, ó di bí 25.8. BMI ni wọ́n ń pe iye yìí, ìwọ̀n ara tí wọ́n fi gíga ṣírò. Ẹ má fi ìlà 25 àti 30 ti àgbàlagbà wò ó o. Ti ọmọdé ní àtẹ tirẹ̀, tí àjọ ìlera àgbáyé WHO ṣe ní 2007 fún ọmọ ọdún 5 sí 19. Ìlà àárín àtẹ náà ni 0, +1 àti +2 ni àwọn ìlà tó wà lókè rẹ̀. Ọmọ tó bá kọjá ìlà +1 sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó bá kọjá +2, ìsanra rẹ̀ ti di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ wò. Ọmọ yín ti kọjá +2. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣì ń ga kò nílò kí ó fọn ní kíá; bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan fún bí ọdún kan níbi tí ó ti ń ga sí i, ó ti ń bọ̀ sípò nìyẹn. Ẹ má gbé òṣùwọ̀n sínú ilé. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n ní ilé ìwòsàn, ní kọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta.

Gíga rẹ̀ bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, nítorí náà kì í ṣe àìsàn ẹṣẹ́ ọ̀fun (thyroid) tàbí ti họ́mọ́ọ̀nù ara ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Ọmọ tó sanra tó sì kúrú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ìyẹn máa ń bá jà. Ẹ bi ara yín léèrè pé ta ló ń fún un ní oògùn tó ń mú kí ebi máa pani tàbí tóníìkì. Cyproheptadine tàbí dexamethasone máa ń wà nínú àwọn kan tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, àwọn méjèèjì sì ń mú ènìyàn sanra. Bí ó bá ti ń lo dexamethasone tipẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí òbí ń pè ní ìwà ọmọ, tó sì jẹ́ pé ara ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dákẹ́ díẹ̀ lójú oorun, yóò máa tòògbé ní kíláàsì, wọn á ní ọ̀lẹ ni. Ọrùn tó dúdú tó sì nípọn, tí ìyá ń fi kànìnkànìn bó lójoojúmọ́, kì í ṣe ìdọ̀tí: ó lè jẹ́ àmì pé ara kò gba iṣẹ́ ínsúlínì, ohun tó ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, dáadáa mọ́. Kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ sì dáwọ́ bíbó dúró, nítorí ìtìjú ni ìyẹn ń dá sílẹ̀. Ọmọ tó ń tiro tó ní orúnkún ń dun òun, kí ó lọ ya X-ray oríkèé ìbàdí lọ́jọ́ náà gan-an. Orí egungun itan lè máa yẹ̀, kí ó jẹ́ orúnkún ni yóò máa ro ọmọ.

"Dókítà ní kí gbogbo wa lọ rí sàìkọ́lọ́jíìsì. Èmi kò sanra, orí ìyàwó mi pé, ọmọ kan ṣoṣo ló sanra. Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" — Bàbá kan, Àkúrẹ́

Sàìkọ́lọ́jíìsì ni ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn àti ìwà ènìyàn. Ẹ̀yin lẹ ń ra oúnjẹ, ẹ̀yin lẹ ń se é, ẹ̀yin lẹ ń pinnu ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ń kú. Ọmọ ọdún 8 kò ní àṣẹ lórí ìkankan nínú wọn. Bí wọ́n bá pe òun nìkan, ẹjọ́ tí kò lágbára lórí rẹ̀ ni wọ́n dá a.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, gbé ìlànà jáde ní January 2023. Wọ́n ní ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ jù ni èyí tó kó ìdílé mọ́ ọmọ, tó sì tó wákàtí 26 lójúkojú, láàárín oṣù mẹ́ta sí méjìlá. Ní ilé ìwòsàn tiwa, ẹ kò ní rí wákàtí 26. Bí ẹ bá rí ìpàdé mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ lo ìwọ̀nyẹn láti kọ́ ohun tí ẹ ó máa ṣe nílé.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọn yóò bi yín bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ nílé yín láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹni tó ń bu oúnjẹ, ohun tí ẹ máa ń sọ bí inú bá ń bí yín. Wọn yóò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, kí ẹ má sì dá a dúró lójú ọ̀nà pé kí ló sọ. Wọn kò ní wá ẹni tó jẹ̀bi.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ilé. Ẹ mú ìyípadà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ó ṣeé kà. "A ó máa jẹun dáadáa" kò ṣeé kà. "Míníràlì di ọjọ́ Sunday nìkan, ìgò kékeré kan, fún gbogbo ilé" ṣeé kà. (Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò, ẹ fi mẹ́rin pín gírámù ṣúgà tó wà nínú odidi ìgò náà: iye ṣíbí tíì tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ka ti málítì náà, nítorí àwọn ìyá gbà pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ni.) Bí ìyẹn bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ mú òmíràn: fóònù kúrò ní yàrá lálẹ́, kí oorun ọmọ ọdún 6 sí 12 lè tó wákàtí 9 sí 12. Òmíràn lẹ́yìn rẹ̀: eré tó ń mú èémí yára, tí àpapọ̀ rẹ̀ tó ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ó ṣeé pín sí mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù, tẹ̀n-tẹ̀n, okùn fífò, ijó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ fa ilà sínú ìwé kan, orúkọ gbogbo ará ilé lókè, ọjọ́ méje nísàlẹ̀, kí ọmọ náà máa fi bírò sàmì fún gbogbo yín. Ẹ̀yin bàbá náà yóò gba òdo lọ́jọ́ tí ẹ bá mu míníràlì lẹ́yìn ilé. Ọmọ máa ń gbádùn rẹ̀ gan-an! Lálẹ́ Sunday, ẹ jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Òbí ni kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí òun ti kùnà, kí ọmọ tó sọ tirẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta: kí ló lọ dáadáa, kí ló le, kí la ó gbìyànjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn, kí ó má jẹ́ oúnjẹ, kí ó má sì jẹ́ owó: kí ó yan ohun tí ẹ ó wò lálẹ́ Saturday, kí ẹ bá a gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀yin àti òun nìkan.

Ẹ yìn ín fún ohun tó ṣe: "O mu omi lónìí dípò míníràlì, o sì rántí fúnra rẹ." Ẹ má yìn ín pé ó ti fọn. Ọmọ tí wọ́n yìn pé ó fọn mọ̀ pé ìyìn náà yóò parẹ́ bí ìwọ̀n bá padà, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ebi pa ara rẹ̀ kí ó má bàa parẹ́. Ohun mìíràn tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí ìyá sọ pé rárá ní ìyẹ̀wù, kí bàbá ra súyà wálé ní àṣírí. Ẹ fẹnu kò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ wo bí ó ṣe ń mí bí ó bá gun àtẹ̀gùn, bí ó ṣe ń lọ síléèwé, bóyá ó tún ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó wo òṣùwọ̀n.

"Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kì í fẹ́ jáde fún eré ìdárayá mọ́, inú rírun ló máa ń ròyìn ní gbogbo ọjọ́ Wednesday." — Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Aṣọ eré: ṣé ó gbà á, àbí ó ń há a mọ́ra? Ẹ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ kí wọ́n rán èyí tó tóbi díẹ̀. Yíyan ẹgbẹ́: bí ẹ bá ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì máa yan ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló ń kù gbẹ̀yìn lójú gbogbo ayé. Ẹ ka wọ́n ní oókan, eéjì, oókan, eéjì, ó parí. Eré fúnra rẹ̀: ìje sísá nìkan ló ń tú u síta. Jíju bọ́ọ̀lù, fífa okùn àti ijó ń fún un láyè láti tayọ.

Fún àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má mú un dúró níwájú kíláàsì kí ẹ máa bá wọn wí nítorí rẹ̀. Òun ni wọn yóò gbẹ̀san lára rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé. Ẹ pe àwọn olórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ ẹnu ẹ̀yin tíṣà pẹ̀lú: "ìwọ bọ̀ǹbọ̀ yìí, dìde" ni ọ̀pọ̀ yẹ̀yẹ́ ti ń gba ìwé àṣẹ. Kò sì sídìí láti wọn ọmọ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ohunkóhun.

"Wọ́n wọn ọmọ mi ní Year 6, wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé ó sanra gan-an. Ó rí lẹ́tà náà kí n tó rí i. Láti ọjọ́ náà kò jẹun àárọ̀ mọ́." — Ìyá kan, Peckham, London

Ètò ìjọba ni ní England: wọ́n máa ń wọn ọmọ ní Reception, nígbà tó wà ní ọdún 4 sí 5, àti ní Year 6, nígbà tó wà ní ọdún 10 sí 11. Òbí ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n má wọn tiyín. Gíga àti ìwọ̀n nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe àyẹ̀wò dókítà, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ nù pé òyìnbó kò mọ bí ara wa ṣe rí.

Ẹ sọ fún un lónìí pé: "Lẹ́tà yẹn, èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Iṣẹ́ èmi àti dádì ni, a ó sì tún ohun tí gbogbo wa ń jẹ ṣe pọ̀. Ìwọ kò ṣe ohun tó burú." Kí ẹ̀yin náà jókòó jẹun àárọ̀ pẹ̀lú rẹ̀; bí ó bá jẹ́ ìdajì búrẹ́dì àti ẹyin ló jẹ, ẹ má ṣe àríyá, ẹ má sì bá a jà. Ẹ ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń já bọ́ kíákíá, tí ó ń wọ ilé ìwẹ̀ ní gbàrà tó bá jẹun tán, tí òtútù ń mú un, tàbí tí ó ń ṣe eré ìdárayá ní ìkọ̀kọ̀ lóru, ẹ pe GP, dókítà àdúgbò yín, lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó sanra lè ní àìsàn kíkọ oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń gbójú fò ó nítorí pé ó ṣì tóbi lójú. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí gan-an fún GP, pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún béèrè ètò ìdílé tó wà ládùúgbò yín. Bí ìsanra náà bá ti mú àìsàn mìíràn dání, dókítà ọmọdé lè darí yín sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) tó wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2 sí 18. Sàìkọ́lọ́jíìsì wà lára òṣìṣẹ́ wọn. Bí ọmọ bá fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹ gbọ́, Childline, tẹlifóònù ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọdé, kò gba owó: 0800 1111.

"Ìyàwó ọmọ mi ní mò ń ba ọmọ-ọmọ mi jẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Ṣé kí n máa wo ọmọ kí n má fún un ní nǹkan kan ni?" — Ìyá àgbà, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọmọ o, Màmá. Ẹ máa fún un. Ohun tí a fẹ́ bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, kí oúnjẹ méjì má bàa gun ara wọn. Dípò bisikíìtì àti míníràlì, àgbálùmọ̀ wà, ọsàn wà, ẹ̀pà sísè tó kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ wà. Ẹ má sọ fún un pé "bí o bá fẹ́ràn mi, jẹ ẹ́ tán." Bí ó bá ní òun ti yó, ẹ gbé àwo kúrò. Kí ẹ sì mú un dání lọ sọ́jà. Ìrìn yẹn dára fún ẹ̀yin méjèèjì, ó sì máa ń fẹ́ gbọ́ ìtàn lọ́nà. Ìyàwó yín náà, ẹ sọ fún un pé a ní kí ó yéé bá yín sọ ọ́ lójú ọmọ.